Ẹran Ìsàlẹ̀ Abọ́

Obìnrin kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti ọkọ ẹ̀ mọ́lé. Ó jókòó síbi tí ìwọ jókòó sí yìí, ó ní wọ́n ní kí òun wá bi mí, pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe kí ni? Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ní èèyàn lẹ́wọ̀n."

O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Mo ní kó wá abọ́ tó ní ìdérí, kó má fi eegun sínú ọbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ. Ìgbà tó lọ tán ni gbogbo ẹ̀ wá ń padà bọ̀ sí mi lọ́kàn. Ìwọ lo ní kí n máa sọ ọ́, o máa kọ ọ́ sílẹ̀ kí a lè kà á fún un. Ó dáa. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Ìgbà yẹn, ìgbà tí wọ́n ń pe gbogbo èèyàn ní kamaráàdì ni. Dókítà, kamaráàdì. Ẹni tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́, kamaráàdì. Mò ń kan ilẹ̀kùn àti àpótí ní Akpakpa níbí, ibi iṣẹ́ mi kò jìnnà sí afárá. Ọ̀rẹ́ mi ń wa kámíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Ṣakété ni àwa méjèèjì ti wá, ẹnu ọ̀nà ilé wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Òun ni bàbá ìyá ẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní nígbà yẹn, ọmọbìnrin, kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ìyá ẹ nìyẹn. Bí o bá ti gbọ́ tí mo ní "ọmọ náà," ìyá ẹ ni.

Ó ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Wọ́n ti ti bodè nígbà yẹn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kó ọjà gba ibẹ̀. Ó kó àpò ṣúgà sínú kámíọ̀n, ó fi pákó bò ó, ó forí lé ọ̀nà Sèmè. Àwọn aṣọ́bodè ní kó sọ pákó kalẹ̀. Pákó yẹn, tèmi ni. Èmi ni mo bá a tò ó sínú ọkọ̀. Mo rí ṣúgà nísàlẹ̀ kí n tó to pákó lé e. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ni, kọ ìyẹn náà.

Wọ́n dá ọdún kan àtààbọ̀ fún un. Ìyàwó ẹ̀, ìyá àgbà ẹ nìyẹn, kò sunkún lójú èèyàn. Ó lọ sílé, ó dáná. Mo sọ fún un pé kó máa sè é, màá máa gbé e lọ. Òun fúnra ẹ̀ ì bá máa gbé e lọ, àmọ́ ọkọ ẹ̀ ti ránṣẹ́ síta pé kò gbọdọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà yẹn, kò sì gbọdọ̀ gbé ọmọ wá. Kò fẹ́ kí wọ́n rí òun bí òun ṣe wà.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti fẹ́ dé àtàrí, màá so abọ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, màá gun afárá, màá dé òdìkejì ọ̀sà. Ó jìn díẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní kí o ṣí abọ́. Gáádì tó wà níbẹ̀ ní irin tín-ín-rín kan lọ́wọ́, irin inú táyà kẹ̀kẹ́ ni, òun ló fi ń gún oúnjẹ wò bóyá o fi nǹkan pamọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún obìnrin yẹn pé kó má fi eegun sí i. Irin á kan eegun, gáádì á ní kí nìyẹn, á fọwọ́ tú u, oúnjẹ á bàjẹ́. Ọkà ni kó rò, kó gé e wẹ́wẹ́ kó tó bò ó. Ọbẹ̀ kó ki. Tí ọbẹ̀ bá ṣàn, yóò dà sí ẹ lára lórí kẹ̀kẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kó sì máa kí gáádì. Kó má bẹ̀ ẹ́ o, kó kí i. Bí o bá kí i lónìí, o kí i lọ́la, yóò mọ ojú ẹ, á sì mọ̀ pé ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún ní èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó ní èèyàn, ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú un yàtọ̀.

Tí gáádì bá ti gbà á, àwa yòókù á lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan. Àwọn ìyá arúgbó, àwọn ìyàwó, àwọn bí èmi. A máa ń dúró kí abọ́ padà jáde. Mo fẹ́ràn abẹ́ igi yẹn, kí n má tàn ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹ léèrè ohun tí ẹni tìẹ ṣe. Wọ́n á bi ẹ́ pé kí lẹ sè lónìí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí abọ́ padà, mo ṣí i, mo rí ègé ẹran kan nísàlẹ̀. Ẹran kò pọ̀ nígbà yẹn o. Ègé mẹ́ta ni ìyàwó ẹ̀ máa ń fi sí i, òun àti ọmọ á fi ẹja gbígbẹ ṣe tiwọn. Ọ̀rẹ́ mi jẹ méjì, ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo ní bóyá oúnjẹ kò lọ lẹ́nu ẹ̀, ara ẹ̀ kò tíì balẹ̀. Mo ro ó pé bí ìyàwó ẹ̀ bá rí ẹran yìí, yóò dààmú, á ní ọkọ òun kò lè jẹun. Mo sọ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ nídìí afárá, mo jẹ ẹran náà. Mo fi omi ọ̀sà ṣan abọ́. Mo gbé e fún un, mo ní, "Ó jẹ ẹ́ tán."

Inú ẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn.

Ọjọ́ kejì, ẹran kan. Mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ kẹta, ẹran kan. Ó wá di pé bí mo bá ti ń súnmọ́ afárá, itọ́ á ti máa dà lẹ́nu mi. Odidi ọ̀sẹ̀ méje. Mi ò bi ara mi léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Mo gbà pé iṣẹ́ rere ni mò ń ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje ni ibà mú mi. Mi ò lè dìde. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi wò ó, kò sẹ́lòmíì tó lè lọ, ó fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó gbé abọ́ lọ fúnra ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ní kó má dé ẹnu ọ̀nà, ó dé ibẹ̀, àmọ́ kò béèrè àtiwọlé. Ó gbé e fún gáádì, ó dúró lábẹ́ igi. Abọ́ padà jáde. Ó ṣí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ó wá dúró lórí mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, abọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ọkọ mi," ó ní. Ó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ mi. "Kí ni mo ṣe fún ọ̀rẹ́ yín?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan.

"Ó ń dá ẹran mi padà. Ọjọ́ mẹ́ta rèé. Ọkùnrin tó bá ń dá ẹran obìnrin padà, ó ti gbọ́ nǹkan. Kí ni wọ́n lọ sọ fún un?"

Bí mo bá ní kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, pé ọ̀sẹ̀ méje ni, ṣé ìyẹn á tù ú nínú ni? Mo ní bóyá gáádì ni kò jẹ́ kó jẹun tán. Ìyẹn ni pé mo di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀.

Ìgbà tí ara mi yá díẹ̀, mo lọ, mo sì bi gáádì léèrè. Ọkùnrin gìrìwò kan ni, Fọ̀n ló ń sọ, mo sì gbọ́ Fọ̀n dáadáa. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ wa? Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kamaráàdì," ó ní, "tí mo bá fẹ́ jí ọbẹ̀ yín jẹ, ṣé ẹran ni màá fi sílẹ̀ fún yín?"

Gbogbo abẹ́ igi rẹ́rìn-ín. Mo dojú bolẹ̀, mo wá kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọ̀rẹ́ mi dé láti Ṣakété. Obìnrin tí ẹnu ẹ̀ mú ni, kó máa sinmi níbi tó wà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹran, ó ní ó tán. Ó ní ọkùnrin tó kọ oúnjẹ ti kọ ìyàwó, àti pé ẹni tó bá ń kọ ìyàwó látinú ẹ̀wọ̀n, kí ló máa ṣe tó bá jáde? Ó ní kí àbúrò òun di ẹrù, kó gbé ọmọ, kí wọ́n máa lọ sílé. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ Ṣakété. Ọjọ́ Àìkú la wà.

Mo mọ̀ pé tó bá lọ, abọ́ tán nìyẹn. Èmi kò mọ ọbẹ̀ sè. Mo sì mọ ọ̀rẹ́ mi. Tí wọ́n bá sọ fún un níbẹ̀ yẹn pé ìyàwó ẹ̀ ti gbé ọmọ lọ, kò ní béèrè ìdí ẹ̀. Yóò kàn dùbúlẹ̀ ni.

Ó di dandan kí n rí i lójúkojú, kí n bi í. Àmọ́ láti wọlé, wọ́n ní o gbọ́dọ̀ ní ìwé, pẹ̀mí ni wọ́n ń pè é, ẹbí nìkan ni wọ́n sì ń fún. Ọjọ́ Ajé ni mo ti lọ jókòó níwájú akọ̀wé tó ń kọ ọ́. Mo jókòó títí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún lọ. Ó pè mí.

"Kamaráàdì, kí lo jẹ́ sí i?"

"Ọmọ ìyá mi ni."

Ó wo ìwé. "Orúkọ bàbá yín kò jọra. Ti ìyá náà kò jọra."

Mo ní, "Abọ́ kan náà la ti jẹun dàgbà."

Ó fi gègé ha orí. Ó ní, "Ẹ̀yin Nàgó! Gbogbo yín lọmọ ìyá. Lọ́jọ́ kan ẹ máa sọ pé èmi náà lọmọ ìyá yín." Ó ní kí n tẹ ìka. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n wá ní Ọjọ́rú.

O rí i, ibi tí wọ́n ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, wáyà ló wà láàárín, àwa wà níhìn-ín, àwọn wà lọ́hùn-ún. Gbogbo èèyàn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíì ń sọ pé ìyá wọn ń ṣàìsàn, ẹlòmíì ń béèrè ewúrẹ́ ẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo. Ọ̀rẹ́ mi yọ sí mi. Ó ti gbẹ díẹ̀, àmọ́ ojú ẹ̀ àtijọ́ náà ṣì ni. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Mo tún sọ ọ́, kò gbọ́. Mo wá fi gbogbo agbára mi ké e, àfi bí ẹni pé gbogbo wọn ti bára wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ pa lọ́lọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an.

"Kí ló dé tí o kì í jẹ ẹran?"

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn wọn lọ́hùn-ún, "Tí kò bá jẹ ẹ́, kó gbé e wá!"

Ọ̀rẹ́ mi kò dá onítọ̀hún lóhùn. Ó súnmọ́ wáyà. "Ẹran wo?"

"Èyí tó ń padà."

"Ti ọmọ ni," ó ní. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè pé kí ni omi. "Ṣé kì í jẹ ẹ́ ni?"

O mọ̀ pé ilé tí bàbá bá ti ń jẹun, ọmọ ló ń gba ìsàlẹ̀ abọ́. Kò sílé tí wọn kì í ti í ṣe é. Bàbá á jẹun títí, á ṣẹ́ díẹ̀ kù, ọmọ á ti fọwọ́, á ti jókòó, á máa wo ẹnu ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò rò ó pé ó yẹ kí òun ránṣẹ́ sọ ọ́. Ta ló ń ránṣẹ́ sọ irú ẹ̀? Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi kú kí n tó dá a mọ̀, mi ò sì tíì bímọ nígbà yẹn. Ìyàwó ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ojoojúmọ́ ló ń rí i kí wọ́n tó mú ọkọ ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ ara ẹ̀ kiri kì í rí nǹkan míì.

"Ó ń jẹ ẹ́," mo ní.

"Ṣé ó máa ń fọwọ́?"

"Ó máa ń fọwọ́."

Ọ̀rẹ́ mi fi orí kan wáyà. Ó ní, "Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Gáádì ní àkókò ti tó.

Mo gba abọ́ ọjọ́ yẹn. Ẹran kan wà nísàlẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́, mi ò dúró nídìí afárá.

Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti di ẹrù. Àpótí tí mo kàn fún ìgbéyàwó wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi okùn dì í. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó jókòó lé e lórí. Mo sọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ. Ìyàwó ẹ̀ gbé ọwọ́ lé àyà. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n kò dìde lórí àpótí.

"Irọ́ ni," ó ní. "Ẹnu ẹ̀yin ọ̀rẹ́ méjèèjì ti kò, ẹ jọ hùmọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Bó bá jẹ́ tọmọ, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ẹ ti ń gbé oúnjẹ lọ láti bí oṣù méjì. Ẹran àwọn ọjọ́ yẹn dà?"

Kò sí ibi tí mo lè gbà. Mo wo ilẹ̀. Mo wo àpótí. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ń wò mí.

Mo ní, "Èmi ni mò ń jẹ ẹ́."

Wọn ò gbọ́. Mo tún un sọ.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nídìí afárá. Mo rò pé... Mi ò fẹ́ kí ìyàwó wa dààmú."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó wò mí, ó wo abọ́, ó tún wò mí. "Ọ̀sẹ̀ méje?"

"Ọ̀sẹ̀ méje."

"Lójoojúmọ́?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ajá gbà á lọ́wọ́ mi."

Ni obìnrin yẹn bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí. Ó ń lu itan, ó ń ní, "Ó jẹ ẹran ọmọ! Àgbàlagbà yìí jẹ ẹran ọmọ! Ẹ wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣe ń dán, èmi ti ń rò pé iṣẹ́ pákó ló ń pé e!" Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ara àpótí. Ìdì tí wọ́n dì í le, ó fi eyín tú u.

Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ. Ó bu omi fún un, ó ní kó fọwọ́. Ọmọ jókòó, wọ́n ṣí abọ́ níwájú ẹ̀. Ó wo inú abọ́, ó wo èmi.

"Bàbá mi dà?"

"Ó ti jẹun," mo ní. "Ó ní kí o jẹ tìẹ."

Ó jẹ ẹ́. Kò béèrè nǹkan míì. Ó lá ìka ẹ̀ márààrún, bó ṣe ṣì máa ń ṣe títí dòní tó bá rò pé ẹnì kankan kò wo òun.

Láti ọjọ́ yẹn, bí agogo kẹ̀kẹ́ mi bá ti dún, ó ti fọwọ́. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi wá ń fi ègé mẹ́rin sí abọ́, kí ọkọ ẹ̀ lè jẹ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi jẹ méjì, ó ń dá méjì padà. Ìyàwó bú u láti ìta, ó ní kí n bá òun sọ fún un lójú wáyà pé olórí kunkun ni. Mo sọ ọ́. Ó dùn mọ́ ọn nínú ju ẹran lọ. Nígbà tó ṣe, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ọmọ wá kí òun rí i. Wọ́n gbé e lọ. Ó na ìka gba ojú wáyà, ọmọ dì í mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n sọ fún obìnrin yẹn nìyí. Nígbà tó bá tún wá, ìwọ ni kí o kà á fún un, ẹnu mi kò ní lè tún un sọ. Ohun tó bá padà láti ibẹ̀, kó má jẹ ẹ́, kó má dà á nù, kó má sì jókòó sílé kó máa túmọ̀ ẹ̀. Kó lọ béèrè. Aṣọ tó bá padà ní dídọ̀tí, kó wo ibi tó ti ya. Tó bá ní ọmọ, kó sọ ibi tí bàbá wà fún un, bí ọmọ ṣe lè gbọ́ ọ. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ṣì ń ṣe ọkọ, ó ṣì ń ṣe bàbá, nǹkan tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi lè ṣe é ló kéré.

Ọ̀rẹ́ mi jáde lákòókò òjò. Ó wẹ̀, ó jókòó, wọ́n gbé oúnjẹ fún àwa méjèèjì nínú abọ́ kan. Ìgbà náà ni mo jẹ́wọ́ ẹran ọ̀sẹ̀ méje náà fún un. Mo rò pé yóò bínú. Ó jẹun lọ. Ìgbà tó ku ẹran kan nísàlẹ̀, mo na ọwọ́, ó gbá ọwọ́ mi kúrò, ó gbé ẹran náà fún ọmọ.

Ó ní, "Ó ku ti ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta."

Ìwọ náà ti rí i. Bí ọ̀rẹ́ mi bá wá kí wa níbí, tí wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú wa, ó máa ń mú ẹran àwo mi láìwo ojú mi, á jù ú sínú àwo ìyá ẹ. Ìyá ẹ ti ní ọmọ mẹ́rin, orí ẹ̀ ti ń funfun. Ó sì ń jẹ ẹ́. Mi ò sọ nǹkan kan.